Mo San Ọ̀yà fún Àwọn Tí A Jọ Ń Ṣe Àáró

                                        Ilé Alágbẹ̀dẹ,
                                        Ọ̀rà-Ìgbómìnà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Dáníẹ́lì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bọ́láwùmí ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ńkọ́, àbí o ṣì ń bu iyọ̀ sí ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a ń dúpẹ́.

O béèrè iye tí mo ń san fún àwọn tó ń bá mi kọ ebè, torí pé ìwọ náà fẹ́ wá dáko nílé. Jọ̀ọ́, gbọ́ ohun tí ojú mi rí ná.

Nígbà tí mo dé, Bàbá Oyèdọ̀tun, àbúrò bàbá mi, fi mí sínú àáró tí àwọn àti Sànúsí àti Adémúyìwá ń ṣe. A ó jọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan, a ó bọ́ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Wọ́n kọ ẹgbẹ̀ta ebè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Inú mi dùn, àmọ́ ojú tì mí. O mọ̀ pé ìka mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ iléeṣẹ́ wa ṣẹ́ kù sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ san irú iṣẹ́ yìí padà? Mo bá di owó sínú àpò ìwé mẹ́ta, mo ní kí wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Sànúsí rọra gbé tirẹ̀ lé orí ebè, àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè mí sí oko ẹnikẹ́ni mọ́. Ebè mi ò tíì dé ìdajì, èèbù sì ti ń hù níbi tí mo kó o jọ sí. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, torí gbogbo owó ìfẹ̀yìntì mi ló wà nínú èèbù yẹn.

Morónkẹ́ ìyàwó mi, tó dàgbà sí ìlú yìí, ló là mí lójú. Ó ní owó oṣù ti bà mí lórí jẹ́. Ó ní alágbàṣe là ń san ọ̀yà fún, ẹni tí a bá sì ti san ọ̀yà fún, ọ̀rọ̀ àwa àti ẹ̀ ti parí nìyẹn. Mo rántí bí ọ̀gá wa ṣe gbé owó gbà-má-bínú ka orí bẹ́ẹ̀dì mi ní ọsibítù, tí kò jókòó, tí kò sì padà wá mọ́. Irú ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fún àwọn èèyàn mi.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Oyèdọ̀tun, mo jẹ́wọ́ pé ọwọ́ mi ni mo ń rò. Wọ́n ní, "Olúkúnlé, ta ló bi ọ́ léèrè ìka? Ojúmọ́ là ń san padà. Bí o bá ti bá wa dé oko, tí o sì bá wa kúrò níbẹ̀, o ti san."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti wà lóko Sànúsí kí wọ́n tó dé. Wọ́n kọ igba-igba, èmi fi tipátipá kọ àádọ́rin. Ràfíátù, ìyàwó Sànúsí, bu iyán fún wa dọ́gba-dọ́gba. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun a lọ sí ti Adémúyìwá. Àná ni ti Bàbá. Bí a ṣe ń fọwọ́, Sànúsí ní kí n sọ fún Morónkẹ́ kó gbé oúnjẹ èèyàn mẹ́rin kaná lọ́la, oko mi ló kàn. Mo wojú ọ̀run kí wọ́n má baà rí omi ojú mi.

Bá mi kí Bọ́láwùmí àti gbogbo ilé. Morónkẹ́ ń kí yín púpọ̀. Ní ti iye tí o béèrè, mi ò mọ iye kankan. Mo ti bi Bàbá bóyá wọ́n lè gba ẹnì karùn-ún. Wọ́n ní ọkọ́ nìkan ni kí o mú wá.

Tìrẹ ni mo jẹ́ títí,
Olúkúnlé