Ìpè Mẹ́rìnlá Tí Kò Dún

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé orí fífọ́ yẹn ti lọ, ṣé ẹ sì ń jẹun? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ìwé ni mo kọ nítorí pé ẹ ti pa fóònù yín láti ọjọ́ mọ́kànlá, mo sì mọ̀ pé bí mo bá wá kan ilẹ̀kùn, ẹ ò ní ṣí i. Káfíńtà tó ń gbé lódìkejì ilé Màmá ni mo bẹ̀ kó mú un wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó fà á ya.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: fóònù yín kò dún lọ́jọ́ tí Màmá ṣubú. Òótọ́ lẹ sọ. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ìpè náà, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì ti mọ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa: ètò orí fóònù tí àwọn èèyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń kúrò lẹ́nu ẹni, ètò náà á tì í pa, débi pé ẹni tó bá lúgọ dè é lọ́nà kò ní gbọ́ ju ariwo lásán lọ. Ṣùgbọ́n àgádágodo tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn kan já a, wọ́n gba ọ̀rọ̀ dókítà kan àti aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ayé gbọ́. Obìnrin aláìsàn náà kò tíì lè jáde nílé. Ni iléeṣẹ́ wa bá ní ká pa ti àtijọ́ rẹ́, kí gbogbo ẹ̀rọ máa lo tuntun. Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ọ̀gá wa, obìnrin tí à ń pè ní Ẹ̀rí-Dà nítorí pé kò sóhun téèyàn sọ tí kò ní béèrè ẹ̀rí ẹ̀, bi mí pé, "Ó dá ẹ lójú pé kò sẹ́ni tó ń lo ti àtijọ́ mọ́?" Mo kó ìwé kalẹ̀. Mo ti ka gbogbo ẹ̀rọ tó pèèyàn láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, gbogbo wọn ló ti gba tuntun. Mo tilẹ̀ ń fọ́nnu. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀! Mo ka àwọn tó ń sọ̀rọ̀, mi ò ka àwọn tó dákẹ́.

Ẹ rántí àpótí kékeré tí mo kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, tó ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, fóònù yín ni yóò dún. Ètò wa ló wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ẹ̀yin ń pè wọ́n lálaalẹ́ lórí fóònù lásán, ó tó ọdún kan gbáko tí wọn ò ti tẹ̀ ẹ́. Ṣe ló ń sùn. Àgádágodo tuntun tí a fi ránṣẹ́ kò bá a lójúfò, kò sì sí nínú àwọn tí mo kà.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo pa ti àtijọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìlà pupa kan yọ lójú kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ kan mú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ wá, a sì lé e padà. Ó tún kan ilẹ̀kùn. A tún lé e. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Arúgbó ẹ̀rọ wo lèyí? Kó lọ sinmi jàre." Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀rí-Dà kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wo aago. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó bá ń dá gbìyànjú, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá ló ń kàn án. Èyí ń ṣe ségesège. Ọwọ́ èèyàn nìyẹn." Ìgbà mẹ́rìnlá ló kàn án, ló bá dákẹ́ lójijì. Mo wá orúkọ ẹ̀rọ náà, mo sì rí i: Yàrá Màmá. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣi nọ́ńbà káfíńtà tó ń gbé lódìkejì wọn tẹ̀. Ó sáré lọ, ó fi òòlù já ilẹ̀kùn, ó bá wọn nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ ti dá, ẹsẹ̀ há sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyókù ṣojú yín. Ní ọsibítù, Màmá sọ fún gbogbo ẹbí pé, "Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo pe àkọ́bí mi. Kò gbé e." Àbúrò bàbá wa sọ̀rọ̀ sí yín bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí olè. Ẹ̀ ń na fóònù sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ ń sunkún: "Kò dún, mo búra, kò dún." Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀. Ojo ni mí. Ẹ̀rù bà mí pé Màmá á kórìíra mi, mo wá jẹ́ kí wọ́n kórìíra yín dípò mi.

A tún ṣí ti àtijọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá ká lè wá àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́. Igba ó lé mẹ́fà la rí, ọ̀pọ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn arúgbó. Ojúlé sí ojúlé la lọ. Lánàá la pa á rẹ́ pátápátá. Ó yẹ kó lọ, àmọ́ kò yẹ kó mú ẹnikẹ́ni dání lọ.

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Màmá nílé, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "O wà ní ọsibítù nígbà tí mo ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọjú sí ògiri. Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sọ fún àbúrò bàbá wa àti gbogbo àwọn tó wà ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti tún àpótí náà ṣe. Mo ní kí n fi nọ́ńbà tèmi ṣáájú tiyín, kí ẹ lè sinmi. Màmá kọ̀ jálẹ̀: "Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ mi kọ́ ni màá kọ́kọ́ pè." Lọ́la, ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Ẹ dákun, ẹ tan fóònù yín. Bí ẹ ò bá fẹ́ bá èmi sọ̀rọ̀ mọ́, mo gbà. Mi ò ní sí nínú yàrá náà.

Kí Ọlọ́run tù yín nínú. Kó dá iyì yín padà lójú gbogbo ẹni tí mo jẹ́ kó bàjẹ́ lójú wọn, kó má sì jẹ́ kí ìwà ojo mi já okùn ọmọ ìyá láàárín wa.

Èmi ni,
Àbúrò yín, tó jẹ yín ní òtítọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Àfikún: Màmá ní kí n kọ èyí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí n má fi ọ̀rọ̀ ti ara mi kún un: "Ọmọ mi, ẹnu mi ló ṣẹ̀ ọ́. Mi ò mọ bí ìyá ṣe ń bẹ ọmọ. Ṣáà gbé ìpè mi, kí n fi ọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀."