Mo Pe Ráfíù Lórúkọ, Bọ́ọ̀lù sì Wọlé

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Mi ò tíì bẹ ẹnikẹ́ni o, mo sì ti jẹun yó.

Àwa la gba ife bọ́ọ̀lù! Cow Lane ọ̀kan, Circle òdo. Ohùn mi ti há.

Àdúgbò Cow Lane ni wọ́n ti bí mi, àmọ́ àdúgbò Circle ni ilé ọkọ mi. Ráfíù, àbúrò ọkọ mi, ló ṣọ́ àwọ̀n fún Circle lónìí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ni mo ti ń pè é ní Dúdúyẹmí, torí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí. Ọmọ tiwa kan gbá bọ́ọ̀lù náà, kò tiẹ̀ le rárá. Mo wà lẹ́yìn àwọ̀n, ni mo bá pariwo: "Ráfíù! Jẹ́ kó wọlé!"

Kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu mi rí. Ó yíjú wò mí, ó lanu sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù gba abẹ́ apá ẹ̀ kọjá.

Ìyá ọkọ mi ò tíì dákẹ́ látìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò tróòtróò. "Ìyàwó, o pe Ráfíù lórúkọ lójú gbogbo ayé! Láàárọ̀ ọ̀la, wàá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

Ráfíù fúnra ẹ̀ kẹ̀yìn sí mi, àmọ́ ó jẹ kẹ́ńkẹ́ àgbàdo tí mo gbé fún un tán.

Kò burú, màá kúnlẹ̀. Orúkọ tí mo pè ni màá bẹ̀bẹ̀ fún, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún gọ́ọ̀lù. Jẹ́sì Cow Lane ni màá sì wọ̀ kúnlẹ̀.