Àga Tí Mo Gé Lẹ́sẹ̀

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá, Erlenstieg,
                                                            Neustadt, Bremen.
                                                            Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2022.

Gesche, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé eyín iwájú wọn ti hù padà? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá lé adìẹ aládùúgbò? Mo mọ̀ pé òtútù orí òkè yín lọ́hùn-ún ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì o, má ṣe oge kankan. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Enno ọkọ mi ṣì ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ó sì ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Fenja ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ti ga ju tábìlì ìdáná lọ, ẹnu rẹ̀ sì ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. N kò gbàgbé rẹ, ojú ló ń tì mí. Wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́, wàá sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún Kérésì. Mo ti gbà.

O mọ bí gáàsì ṣe gbówó lórí lọ́dún yìí. Enno ní a kò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ amúlémóoru títí Oṣù Kọkànlá yóò fi wọlé, ni mo bá kọjú sí ilé bí ẹni tó ń múra ogun. Mo tú súwẹ́tà bàbá mi tí kòkòrò ti jẹ lápá, mo fi òwú rẹ̀ hun ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkẹta ṣì ń dúró de èkejì rẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó ya láàárín ti di kọ́tìnì, ìgò jáàmù sì ti di fìtílà. Lójoojúmọ́ tí èmi àti Fenja bá ń bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, a máa ń ṣa àwọn èso dídán rúsúrúsú tó ń já bọ́ láti orí igi etí odò. A ó fi igi ìtayín ṣe ẹsẹ̀ fún wọn, èyí á di ẹṣin, ìyẹn á di màlúù. Ẹran tó wà lójú fèrèsé wa báyìí pọ̀ ju ti àgbẹ̀ lọ. Inú mi ń dùn sí ara mi gan-an, mo sì rò pé kò sí obìnrin tó mọ ilé tọ́jú tó mi ní gbogbo Bremen. Inú dídùn yẹn ló kó bá mi.

Ní ìparí Oṣù Kẹjọ, èmi àti Fenja rí páálí kan ní igun òpópónà wa, lẹ́bàá ògiri ilé aláwọ̀ ewé kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé, 'Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa mú un.' O ṣáà mọ̀ mí tó bá ti di ọ̀rọ̀ páálí ọ̀fẹ́. Èmi àti ìwọ la jọ gbé àkàbà tó kán láàárín kọjá afárá nínú òjò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ife mẹ́ta tí kò bára mu ló wà nínú páálí náà, pẹ̀lú ìwé ìdáná kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àga onígi kan dúró sí, àgbà àga, alápá méjì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹnikẹ́ni. Oṣù Kẹfà la ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí òpópónà yìí, ọ̀nà ibùdókọ̀ la sì máa ń gbà, n kò mọ ohun tó máa ń wà ní igun yẹn àti ohun tí kì í wà níbẹ̀. Mo gbé àga.

Ó ga jù fún Fenja. Mo yá ayùn lọ́wọ́ aládùúgbò wa tó ń gbé lókè, mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo gé apá méjèèjì náà dànù, kí ọmọ má baà forí gbá a. Mo fi pépà oníyanrìn ha á títí ó fi ń dán, mo kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè. A wá gé pòtétò sí méjì, mo gbẹ́ ẹja sí ojú rẹ̀, Fenja sì ń tì í bọ ọ̀dà búlúù, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga bí akọ̀wé tó ń lu òǹtẹ̀. Ẹja mẹ́tàdínlógún. Ọ̀kan dorí kodò, ó ní ìyẹn ń sùn ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o sì yìn mí. Jọ̀wọ́, gba ìyìn rẹ padà.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti Fenja wà lórí ìlà nílé búrẹ́dì. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ nípa Màmá Harjes, ìyá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé ní ojúlé kejìlélógún. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, onífìlà pupa, gbogbo ajá òpópónà ló mọ èébú wọn.

"Ẹ ò rí i pé Màmá Harjes ò wá ra kéèkì bọ́tà wọn mọ́?" ni obìnrin náà wí. "Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn le koko! Olè ló gbé àga wọn. Àga tí wọ́n fi ń sinmi ní igun ọ̀hún. Wọn ò lè rìn láti ilé wọn dé ibí láìsinmi. Ọdún mẹ́sàn-án ni àga yẹn ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Imke ọmọ wọn sì ń bọ̀ láti Hannover lọ́jọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Ó ní tí wọn ò bá lè jáde ra nǹkan fúnra wọn mọ́, ilé àwọn arúgbó ló kù."

Fenja fà mí láṣọ. "Mọ́mì," ló pariwo, "àwa náà gbé àga níbẹ̀!"

Gesche, gbogbo ilé búrẹ́dì yíjú sí mi. Mo ra búrẹ́dì méjì tí n kò nílò, mo sì sá jáde. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, mo ti ti ìyá arúgbó mọ́lé, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn kúrò nínú ilé wọn.

Enno ní òun á fi gúlúù lẹ àwọn ègé ẹsẹ̀ náà padà. Mo ti tọ́jú wọn kí Fenja lè máa fi wọ́n kọ́lé, o mọ̀ pé n kì í da nǹkan nù. Ó lẹ̀ wọ́n, ó jókòó lé e, ó sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ohun tó kù ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Mo mú Fenja lọ́wọ́ kan, mo gbé àga lọ́wọ́ kejì, a lọ kan ilẹ̀kùn Màmá Harjes.

"Ẹ káàsán, Màmá. Èmi ni Insa, ti ojúlé kẹrìnlá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Èmi ni mo gbé àga yín. Mo rò pé ó wà lára ẹrù ọ̀fẹ́ ni."

Wọ́n wo àga, wọ́n wo ẹja, wọ́n wá wò mí.

"O gbé àga mi, o gé e lápá, o gé e lẹ́sẹ̀, o tún wá ya ẹja sí i lára. O ò ṣe kúkú sè é jẹ?"

"Ẹja yìí ń sùn ni o, Màmá," Fenja dá sí i.

"Òun rí ibi sinmi nìyẹn. Èmi ńkọ́?"

Mo bú sẹ́kún.

"Gbẹ́nu dákẹ́ jàre," ni Màmá Harjes wí. "Ẹkún ò lẹ́sẹ̀, ẹkún ò lápá, mi ò lè jókòó lé e."

Mo ní kí wọ́n gba ọ̀kan lára àga ilé ìdáná mi. Wọ́n bi mí bóyá ó lápá. Mo ní kò lápá. "Kí ni màá wá dì mú dìde? Ṣé kí n máa pe panápaná ni?" Wọ́n fa òwú pupa kan yọ nínú apẹ̀rẹ̀ ìhunṣọ wọn, wọ́n ní kí Fenja tẹ orí rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, wọ́n fa èkejì dé ẹ̀yìn orúnkún wọn, wọ́n ta á ní kókó. "Bí àga náà ṣe gbọ́dọ̀ ga nìyí. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé, kó sì lápá méjì. Àga tèmi yẹn, ẹ máa gbé e lọ, ó ti di tọmọ. Imke ò ní pẹ́ dé. Ó yá, ẹ dìde."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àga kiri nìyẹn. A dé ọjà àlòkù ọjọ́ Àìkú, a dé ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà ìjọ, a dé gbogbo ibi tí èmi àti ìwọ ti jọ ná ọjà rí. Fenja ló di òwú mú, kò sì sí ohun tí kò fi wọ̀n. Ó wọn àga, ó wọn bẹ́ẹ̀dì, ó wọn ajá kan tó dúró jẹ́jẹ́, ó wọn ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ní, "Bàbá yìí kúrú." Èyí tó lápá á kúrú jù, èyí tó ga kò ní lápá, èyí tó bá wá pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Mo jẹ́wọ́ fún ọ pé mo ra agolo ìyankéèkì kan láàárín èyí. Ó rẹwà ni, má bá mi wí.

Ọjọ́rú tó kọjá, òjò ń rọ̀, ọkàn mi ti ń rẹ̀wẹ̀sì, Fenja ló kọ́kọ́ rí i. Àga onígi, alápá méjì, níwájú ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó na òwú sí i, kókó bá a mu gẹ́lẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, páálí ni. Wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ọ̀fẹ́ ni. N kò fọwọ́ kàn án. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tẹ ti òkè, mo tẹ gbogbo wọn pátá. Ọkùnrin kan yọ orí síta lójú fèrèsé, tọ́wẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé iná ń jó ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ni àga yìí?"

"Ṣé ẹ ò ka ohun tó wà lára páálí ni?"

"Mo kà á sà. Ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọn ò kọ ọ́ sára àga."

"Èmi ni mo ni í. Bàbá mi ló fún mi, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rí. Ẹ gbé e!"

"Ṣé kò sí arúgbó kankan tó ń sinmi lórí rẹ̀?"

"Màdáàmù, òjò ń rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí i gbé!"

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní tèmi, èmi ni mo jìn, èmi náà ni mo kọ́gbọ́n. Enno fi ọ̀dà tí omi kì í wọ̀ kùn ún. Fenja ya Màmá Harjes sára pákó pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú eyín gígùn gbọọrọ, mo sì kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé, 'Ẹ jókòó o, ẹ má gbé e lọ.' Màmá yẹ̀ ẹ́ wò. "Ajá ta nìyí?" Fenja ní, "Ẹ̀yin ni." Wọ́n ní, "Ó jọ mí. Ẹ kàn án mọ́ ọn." A kàn án, a sì gbé àga lọ sí igun náà.

Àná, ọjọ́ Àbámẹ́ta, Imke dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀ nípa ìyá rẹ̀, ó sì ti mú fọ́ọ̀mù ilé àwọn arúgbó dání. Fèrèsé aládùúgbò wa tó ń gbé lókè ló kọjú sí igun náà, nítorí náà Màmá Harjes mú un wá sọ́dọ̀ mi. "Dúró ti Insa níbí," ni wọ́n wí. "Mò ń lọ ra kéèkì. Tí mi ò bá dá lọ dá bọ̀, màá fọwọ́ sí ìwé ẹ." Wọ́n dé fìlà pupa wọn, wọ́n jáde.

A gòkè lọ dúró lójú fèrèsé aládùúgbò náà. Wọ́n dé ibi àga, wọ́n jókòó ní ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n kọjá lọ. Mo mí kanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, tí kéèkì ń jù fìrìfìrì lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún jókòó. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ó di mẹ́wàá. Ó di ogún. Wọn kò mira.

"Wọn ò lè dìde," ni Imke wí. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó mú kóòtù rẹ̀. Mo ní ó parí, ayùn mi ló kó ìyá yìí lọ sí ilé àwọn arúgbó. A sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Màámi, ẹ ò lè dìde, àbí?"

Màmá Harjes fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, wọ́n dìde dúró gbọnrangandan, wọ́n wo Imke láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì tún jókòó.

Imke rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú rẹ̀. "Ó dáa, mo ti rí i. Ẹ ò lọ síbì kankan. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọlé, ó ti rẹ̀ yín."

"Ta ló rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wo ògiri. Ẹ máa lọ sílé, ẹ jẹ́ kí n wo èèyàn."

A fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé wa, mo sì sunkún dáadáa.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Enno ní kí n kí ọ. Fenja ní kí n sọ fún àwọn ìbejì pé òun ti ní ẹṣin mọ́kànlá, kí wọ́n wá gba márùn-ún.

Èmi ni tìrẹ láìyẹsẹ̀, olè àga tí wọ́n ti dárí jì,

Insa.