Màmá Tí Ó Fún Ọmọ Rẹ̀ Ní Òdo: Ìgbé Ayé Dókítà Kàósárà Àpìkẹ́ Fámódùn (1952–2025)

Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ní ìlú Òṣogbo ni wọ́n ti bí màmá wa, Dókítà Kàósárà Àpìkẹ́ Fámódùn, tí a péjọ ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ fún lónìí. Ọdún 1952 ni. Bàbá tí ó bí wọn lọ́mọ ni Alhaji Mùyídéènì, aránṣọ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò ń wọ agbádá tó rán lọ kírun Jímọ̀. Ìyá wọn ni Ọ̀ṣúnwùmí, ọmọ ìdílé àwọn olùsìn Ọ̀ṣun. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń kírun, tí wọ́n sì ti ń múra ọdún Ọ̀ṣun, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀.

Ní 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Orí wọn pé débi pé ẹ̀rù fẹ́ máa ba bàbá wọn. Wọ́n kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì, wọ́n gboyè jáde ní 1976, wọn kò sì sinmi títí wọ́n fi di dókítà nínú ìmọ̀ náà.

Ní 1980 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóyè Oyèṣọlá Fámódùn, ọmọ Ọ̀tan-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mùsùlùmí ni màmá, onígbàgbọ́ ni bàbá. Àwọn kan sọ pé kò ní tọ́jọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jọ gbé ní Iléṣà, títí ikú fi mú bàbá lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni màmá fi gbogbo ayé wọn ṣe ní yunifásítì. Ohun tí ó máa ń dùn wọ́n jù ni láti rí àwọn tí wọ́n ti kọ́ kí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mú fáìlì lọ́wọ́, kí wọ́n máa retí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀ wọlé. Ní 2004, màmá gbé ẹ̀kọ́ tuntun kan wá síwájú àwọn aláṣẹ: kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ohun yòówù tí ì báà máa kọ́, dá òwò kan sílẹ̀ kí ó tó jáde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ọjà ni yunifásítì ni? Níkẹyìn, àwọn aláṣẹ gbà kí wọ́n dán an wò fún ọdún méjì. Bí òwò kankan kò bá dúró láàárín àkókò náà, wọn yóò pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́.

Ọdún àkọ́kọ́ dùn jù. Ohun tí àwọn ọmọ náà ṣe tà tán pátá: ọṣẹ, ìpékeré, bàtà. Fúnmilọ́lá, ọmọ màmá fúnra wọn, tí ó wà ní ọdún àṣekágbá, rán báàgì àdìrẹ, ọjà rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ tán. Inú màmá dùn débi pé wọ́n ń dá orin kọ nínú ilé.

Ọjọ́ Iléyá ni wọ́n lọ kí àbúrò wọn obìnrin ní Òṣogbo. Wọ́n tẹ̀ ba láti gbé sálúbàtà, wọ́n sì rí báàgì Fúnmilọ́lá jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ọ̀rá tí a kò tíì tú.

Màmá bèèrè pé, “Kí lo ń fi gbogbo èyí ṣe?”

Àbúrò wọn dáhùn pé, “N ò fi ṣe nǹkan kan, Àǹtí mi. Ọmọ wa ló ṣe é. Ṣé kí n wá máa wò ó níran ni?”

Màmá jókòó. Nígbà tí wọ́n wádìí kiri, bákan náà ni ti gbogbo àwọn yòókù rí. Ìyá, ẹ̀gbọ́n, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará mọ́sálásí, àwọn ni wọ́n ra gbogbo ọjà náà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi rà á. Kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀.

Màmá padà síbi iṣẹ́, wọ́n sì ṣe òfin tí gbogbo ilé-ìwé fi mọ̀ wọ́n: ọjà tí ẹni tí ó mọ ilé bàbá rẹ bá rà, kò sí nínú máàkì. Nípa bẹ́ẹ̀, Fúnmilọ́lá gba òdo. Kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Bàbá bẹ màmá, àwọn àgbà wá láti Ọ̀tan-Ilé.

Fúnmilọ́lá sunkún pé, “Màmá, ọmọ yín ni mí o.”

Wọ́n dá a lóhùn pé, “Mo mọ̀. Bí mo bá fún ọ ní máàkì, èmi náà ti kó báàgì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.”

Fúnmilọ́lá kó ẹrù lọ sílé àbúrò bàbá rẹ̀. Odindi ọdún kan ni kò fi jẹun nílé wa. Bàbá sọ fún wa pé màmá ń sunkún.

Ìpérindó ni Fúnmilọ́lá gbé báàgì lọ, níbi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Wọn ò ra ẹyọ kan. Ó tún padà lọ, ó sì ń wo àwọn tí ń wa wúrà bí wọ́n ṣe ń dúró nínú omi látàárọ̀, tí wọ́n di fóònù sínú ọ̀rá, tí omi sì ń bà á jẹ́. Fóònù ṣì wọ́n bí ojú nígbà náà. Ó gbé báàgì àdìrẹ tì, ó fi tapólì rán àpò kékeré tí omi kò lè wọ̀, tí ó ṣeé fi kọ́ ọrùn. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà fi ń wá a.

Màmá gbọ́, wọn kò gbàgbọ́. Wọ́n dá lọ sí Ìpérindó láìsọ fún ẹnì kan. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí àpò náà wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì bi í pé ta ló ṣe é. Ọkùnrin náà ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀, òun kò mọ ilé wọn, òun kàn mọ̀ pé ohun náà dára ni. Màmá padà sí yunifásítì, wọ́n sì fún Fúnmilọ́lá ní máàkì rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ náà kò ṣe parẹ́ nìyẹn. Fúnmilọ́lá jáde, ó sì dá ibi ìránṣọ sílẹ̀ ní Iléṣà. Òun àti màmá ń sọ̀rọ̀, ó ń tọ́jú wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òdo kò jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì mọ́. Màmá fẹ̀yìn tì ní 2017. Ẹ̀kọ́ Kùránì fún àwọn ọmọdébìnrin àdúgbò ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n sì ń gba àwọn opó nímọ̀ràn lórí òwò. Síbẹ̀, wọ́n máa ń bi wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, “Ṣé mi ò ṣẹ ọmọ yẹn báyìí?”

Nígbà tí yunifásítì ní kí Fúnmilọ́lá wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ náà, ó gbà. Ní ọdún yìí, bí màmá ti wà lórí àìsàn, Olúwatómisìn, ọmọ Fúnmilọ́lá, sunkún wọlé tọ̀ wọ́n wá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ni wọ́n ra gbogbo ọjà rẹ̀, ó sì ti gba òdo.

“Ta ló fún ọ?”

“Màmá mi ni, Màmá àgbà.”

Màmá gbójú sókè wo Fúnmilọ́lá tí ó dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Fúnmilọ́lá kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mi ò rí nǹkan mìíràn fún un.” Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ọlọ́hun, mo dúpẹ́.” Ọ̀sẹ̀ náà kò parí kí wọ́n tó dákẹ́.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Fúnmilọ́lá, Mukhtar àti Tinúolúwa, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, tí Olúwatómisìn jẹ́ àgbà wọn. Wọ́n tún fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ tí ẹbí kò lè kà tán, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba ènìyàn síṣẹ́. Ẹnu ń yà wá bí wọ́n ṣe ń wọlé wá kí wa.

Àpìkẹ́, ẹ máa sinmi. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà ṣe ilé yín, kí Ó dá ẹ̀yìn yín sí. Ẹ kò ṣẹ ọmọ yẹn o, Màmá. Ẹ sùn re.