Ẹ̀rọ Rẹ Tí Kò Jinná Tán

Iworo, Badagry,
Ọjọ́ Àìkú.

Rewájú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ apẹja lójú ọ̀sà yóò ṣọ́ ọ ní Ìkẹjà, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwa náà wà, a kàn wà ni. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan kú. Mo fi lẹ́tà yìí rán Akíndé onímọ́tò sí ọ nítorí pé fóònù mi ń pariwo, bí o bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo agboolé ló ń dá ọ lóhùn, ohun tí mo sì fẹ́ sọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o gbé sílẹ̀ ni. O mọ̀ pé inú rẹ̀ ni o kọ orúkọ àwa obìnrin méjìlélógójì tó ń yan ẹja sí, tòun ti fọ́tò, tí a óò mú lọ sí Badagry lọ́jọ́bọ̀ kí wọ́n lè fún wa ní ààrò onírin tí èéfín rẹ̀ kì í fọ́ni lójú. O ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ó ń pààrọ̀ Línọ́ọ̀sì inú rẹ̀, ètò tó ń darí rẹ̀, sí tuntun. Èmi kàn ń wò ó ni. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹja tó bá nípọn, a kì í yan án tán lẹ́ẹ̀kan, a máa ń gbé e kúrò lórí iná kó sinmi, ká tó dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ni mo bá yọ wáyà rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí mo dá a padà sí iná, ojú rẹ̀ dúdú, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Mubarakah ọmọ tíṣà bá mi ka ohun tó kọ sójú dúdú náà, ó ní ẹrù tó ń gbé wọlé ló dúró sójú ọ̀nà, kí n tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò hàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò hàn. Mubarakah ní ẹ̀rọ náà ń gbà á bẹ́ẹ̀ ni. Irú ẹ̀rọ wo ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò lè dúpẹ́? Mo sọ fún ẹ̀rọ náà pé èmi ni mo bí ọ, ó kọ ọ́ síta pé irọ́ ni. Ó tún ní àyè kò tó, mo gbá yàrá, mo kó gbogbo apẹ̀rẹ̀ ẹja síta, títí kan bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Rewájú, mo purọ́. Mo ní àwọn oníná ló mú iná lọ. Gbogbo àwọn obìnrin náà ṣépè fún ẹni tó pa ẹ̀rọ wọn, èmi náà sì ṣe àmín.

Jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ kí n fi gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe ní Aradagun, tàbí kí o wá fúnra rẹ, ìyẹn ló dáa jù. Ìyá Sagbo tí èéfín ti fọ́ lójú kan wá lánàá, ó gbé ẹja tútù fún mi, ó ní kí n má sunkún mọ́, pé kò sẹ́ni tó lè ṣe jù bí mo ti ṣe lọ. Bí o kò bá dé títí Ọjọ́rú, màá mú ẹja rẹ̀ padà fún un, màá sọ fún un pé ọwọ́ mi ló yọ wáyà náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dúró sójú ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ.