Kì í Ṣe Òkúta Ló Ba Àpò Ìtọ̀ Mi Jẹ́

Ipoh,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta.

Suet Fong, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ìlú wa. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Kuala Lumpur? Màmá mi wà, èmi náà wà láàyè, mo sì ń jẹun. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O ní kí n jọ̀ọ́ dákẹ́, kí orúkọ àwa méjèèjì má bàa bàjẹ́. Mi ò ní dákẹ́.

O rántí ìdíje Taiping, ìgbà tí a jọ gbá badimíńtìnì kẹ́yìn. O rò pé ó rẹ̀ mí ni. Kò rẹ̀ mí. Mo ti fa ketamíìnì, ìyẹ̀fun oògùn olóró yẹn, símú nínú yàrá ìmúra. Mo ń wo ọwọ́ ara mi bí ọwọ́ àlejò. Mo rí bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ náà tó ń bọ̀, mo ní kí ẹsẹ̀ mi sún, ẹsẹ̀ ò gbọ́. O pariwo mọ́ mi pé, "Yoke Meng, ṣé ògiri ni ọ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dún létí mi bíi pé ẹlòmíràn ló ń rín in.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ mi jáde. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni mo ń tọ̀, ó sì ń ta mí bí ẹni ń tọ àfọ́kù ìgò. Dókítà Rosnah tó tọ́jú mi kò bú mi. Ó ní àwọn náà ń fi oògùn yìí kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ní ṣe ló ń dí ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, tí ọkàn àti ara á fi pínyà, tí èèyàn á máa rí ohun tí kò sí, á sì máa gbàgbé èyí tó wà. "Inú ìtọ̀ ló sì ń gbà jáde," ó ní, "ibi tó bá gbà ló ń bó." Àpò ìtọ̀ mi, tó yẹ kó gba omi ife méjì, ti súnkì, kò gbà ju ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin lọ. Kíndìnrín mi kan ti wú.

Màmá sọ fún gbogbo àdúgbò pé òkúta inú kíndìnrín ni. Nígbà tí ẹbí péjọ jẹun ọdún tuntun, mo dìde lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹja tó dé orí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Keong, ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àbí òkúta yẹn ti bímọ ni?" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe òkúta. Ketamíìnì ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi fà á símú."

Màmá ní, "Yéè, o pa mí!"

Mo ní, "Màmá, irọ́ yẹn ló fẹ́ pa mí. Àwọn ọmọ wa jókòó síbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ó sunkún. Nígbà tó yá, ó bu ẹja sínú abọ́ mi.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ badimíńtìnì wa. Kóòṣì lé mi jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ ọ́ níbẹ̀. Ní Sátidé kẹta, òun fúnra rẹ̀ gbé àga wá fún mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ tìẹ. O kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, bí ẹni ń ròyìn òjò, pé o ò lè wo sinimá parí mọ́ láìjáde lẹ́ẹ̀mẹfà. Suet Fong, mo mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìtàn ara mi, tèmi ni. Jáwọ́ nínú fífà á lónìí. Dókítà ní ẹni tó bá tètè jáwọ́ ṣì lè rí i kó sàn. Tèmi ti pẹ́. Lóṣù karùn-ún, wọ́n á gé lára ìfun mi fi tún àpò ìtọ̀ mi ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ màá lọ. Wá kí a jọ rí dókítà.

Kí ara rẹ tún jẹ́ tìrẹ. Kí o dàgbà, kí o gbó, kí ojú má tì ọ́ láéláé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù,
Yoke Meng

Àfikún: Bí o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, sọ fún wọn kí wọ́n fún ọ ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀. Sọ ọ́ sókè. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ bá rẹ́rìn-ín, yíjú padà kí o wò ó dáadáa.