Apá Irin Tí Mo Yàn fún Mọ́tò Tí Làmídì Wọ̀

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, kí ẹ sì sọ fún Ìyá Kékeré pé aṣọ wọn ń bọ̀. Òjò ò dá ní Libreville níbí. Ìlú ti gba òmìnira, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ ò tíì rí ọ̀dà.

Ìyá, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò mi Làmídì ń bọ̀ wá bá mi, ẹ ní ẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Òyìnbó kan tó ń ta gẹdú gbé mọ́tò eré ìje wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Oloumi. Ó fẹ́ fi bá wọn sáré lọ sí ìlú Kango, Làmídì ni yóò sì jókòó tì í, kó lè tún un ṣe tó bá bàjẹ́ lọ́nà. Oríṣi apá irin méjì, èyí tó ń di táyà ẹ̀yìn mọ́ ara mọ́tò, ló rà wá láti ilẹ̀ Faransé, ó ní kí n yan ọ̀kan. Àkọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, bọ́ṣì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà inú ihò rẹ̀, sì le koko. Tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn sí i, táyà ò ní yẹsẹ̀ ní kọ́nà. Ìkejì nípọn, rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ìdí mọ́tò á máa mì, eré á sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Kango rí gbágungbàgun. Tí rọ́bà bá le jù, ara irin ni gbogbo jìgìjìgì ọ̀nà máa lọ, irin fẹ́lẹ́ á sì kán. Èyí tó nípọn ni mo yàn.

Òyìnbó fajú ro, ṣùgbọ́n Làmídì tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe é bínú jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù tó ń bà yín lẹ dè mọ́ mọ́tò yìí."

Ó ti ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì, táyà ń fì dirodiro. Mo ní kó tú u, torí tí mọ́tò bá sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn náà, rọ́bà á lọ́, kò sì ní pẹ́ ya. A sọ ọ́ kalẹ̀, mo wá bẹ àwọn ará àdúgbò kí wọ́n kó sínú rẹ̀, kó lè rẹlẹ̀ bí ìgbà tó ń rìn lọ́nà. Alhaji aláṣọ gbé ìdì aṣọ lé itan, ó ní látìgbà tí òun ti dé Libreville, ẹnì kan ò fi òun ṣe ẹrù rí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Làmídì. Mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo fún nọ́ọ̀tì náà le fúnra mi.

Lọ́jọ́ eré ìje, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo wà látàárọ̀. Awakọ̀ kan tó ti Kango bọ̀ sọ pé mọ́tò kan ti já sínú igbó, apá ẹ̀yìn rẹ̀ kán sí méjì. Mo bi í pé àwọ̀ wo ni. Ó ní ẹrẹ̀ ò jẹ́ kí òun mọ̀. Ìyá, mo jókòó sórí táyà.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wọlé. Mọ́tò ẹlòmíì ló já sínú igbó, ọwọ́ ẹni tó wà á sì dá. Tiwa ló gbẹ́yìn gbogbo wọn. Làmídì kọjá lára mi láì kí mi. Ó ní mo fi àwọn ṣẹ̀sín, àti pé nígbà mìíràn, ọwọ́ òun lòun á fi de èyí tó fúyẹ́ mọ́ ọn. Òyìnbó sì ti gbà fún un.

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí i. Tèmi ò wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, a ò ní fi ojú sunkún ara wa. Ẹ bá mi kí tẹbí tará. Mo ní kí Làmídì fi ìkíni tirẹ̀ kún un, ó kọ̀, ó ń kùn ní yàrá kejì bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ gbà pé ó kí yín. Ó wà láàyè.

Èmi ọmọ yín,
Ràúfù